Ìhámọ́ra Rọ́bà àti Ọ̀rọ̀ Tí Ọwọ́ Ń Bí

  Nínú ìwé wa yìí, a sábà máa ń ka àròkọ lórí ohùn, lórí ìpajẹ fáwẹ̀lì, lórí ẹ̀ka-èdè Kétu àti ti Sábẹ̀ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tí a fẹ́ bá yín sọ lè dà bí eré ọmọdé létí àwọn kan: bí àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ṣe fi ẹní rọ́bà ṣe ìhámọ́ra jagunjagun nílé, tí a sì gbé e lọ sí àpéjọ àwọn olólùfẹ́ mángà ní Kútọnu. Ẹ má tíì ṣí ojú ìwé náà kọjá. Ọ̀rọ̀ èdè wà nínú rẹ̀, ó sì kan gbogbo wa.

Ibi tí àṣà náà ti wá

Ní ọdún 1939, nígbà tí àwọn olólùfẹ́ ìtàn sáyẹ́ǹsì ṣe àpéjọ àgbáyé wọn àkọ́kọ́ ní New York, Forrest J Ackerman àti Myrtle Douglas wọ aṣọ àwọn èèyàn ọjọ́ iwájú wá síbẹ̀. Myrtle Douglas ló rán aṣọ náà. Láti ìgbà náà ni wíwọ aṣọ akọni inú ìtàn ti di ara irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó dé Japan, wọ́n fún un ní orúkọ tuntun ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Nobuyuki Takahashi ni àwọn èèyàn mọ̀ mọ́ orúkọ náà: kosupure.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ni àwọn ará Japan yá, costume àti play. Lẹ́nu wọn, wọ́n di kosuchūmu àti purei. Wọ́n gé ìparí ti àkọ́kọ́, ó ku kosu. Wọ́n gé ìparí ti ìkejì, ó ku pure. Wọ́n lẹ méjèèjì pọ̀. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà sọ personal computer di pasokon. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà padà sí ilẹ̀ àwọn òyìnbó, ó ti di cosplay. Ẹ gé e, ẹ lẹ̀ ẹ́: bí wọ́n ti ṣe ọ̀rọ̀ náà ni a ti ń ṣe aṣọ náà.

Ní tiwa, ọ̀nà Faransé ló gbà dé. Láti ọdún 1987 títí di 1997, ètò Club Dorothée lórí tẹlifísàn TF1 ló fi àwòrán Japan han ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tó gbọ́ Faransé. Níbẹ̀ ni Saint Seiya ti wọlé ní ọdún 1988, tí wọ́n pè ní Les Chevaliers du Zodiaque. Masami Kurumada ló ya ìtàn náà, ó sì ti ń jáde ní ìwé láti 1986. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ló kọ́kọ́ wò ó; àwa wò ó lórí àwọn díísìkì tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Ìtàn àwọn ọ̀dọ́ tó ń jà ni, tí oníkálukú wọn wọ ìhámọ́ra tirẹ̀, tí a sọ ní orúkọ ọ̀kan nínú ìdì ìràwọ̀ 88. Ìpele mẹ́ta ni: idẹ, fàdákà, wúrà. Lédè Japan, àmì ìkọ̀wé tí wọ́n fi ń kọ orúkọ ìhámọ́ra náà túmọ̀ sí aṣọ mímọ́, ṣùgbọ́n kurosu ni wọ́n ń pè é, láti inú cloth Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Faransé ní armure. Ti idẹ ni àwa yàn.

Àwa mẹ́ta àti òfin wa

Ọ̀kan nínú wa wá láti Kétu, ọ̀kan láti Sábẹ̀ẹ́, ọ̀kan láti Àjàṣẹ́. Lékòólù Faransé ni gbogbo wa lọ láti kékeré. Ìṣirò, ìwọ̀n, orúkọ irinṣẹ́, Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa. Ẹnikẹ́ni nínú wa lè kí àgbà, kó tọrọ omi, kó dúpẹ́, kó pa òwe kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n tó bá di kí a wọn nǹkan, kí a gé e, kí a ṣàlàyé bí ọ̀kan ṣe ń wọ inú èkejì, Faransé ni ẹnu wa ń sáré lọ bá.

Ti ará Àjàṣẹ́ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gùn àti Faransé ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Ìyá-ìyá rẹ̀ nìkan ló ń bá a sọ Yorùbá, Faransé ló sì fi ń dá a lóhùn. Bí ẹ bá bi í, ohun tí yóò sọ fún yín ni pé òun ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n òun kò lè sọ ọ́. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Nígbà kígbà tó bá dán an wò, àwọn èèyàn á fi ohùn rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, á sì pa ẹnu mọ́. Ẹ mọ irú rẹ̀ dáadáa. Ó pọ̀ nínú kíláàsì wa, ó sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìgboro. Nígbà tí ó gbà láti bá wa ṣe iṣẹ́ yìí, mángà ló wá ṣe, kì í ṣe èdè.

A wá dá òfin kan. Láti ìgbà tí a bá ti mú abẹ títí di ìgbà tí a bá fi í sílẹ̀, Yorùbá ni. Ẹni tí kò bá rí ọ̀rọ̀, kó nawọ́ sí nǹkan náà, tàbí kó yá ọ̀rọ̀ Faransé kó sì pè é bí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Kò sí owó ìtanràn, kò sì sí ẹ̀fẹ̀.

Ẹní rọ́bà

Ohun èlò tí àwọn tó ń ṣe irú ìhámọ́ra yìí ń lò káàkiri ayé ni fóòmù kan tí wọ́n ń pè ní EVA, éthylène-acétate de vinyle lédè Faransé. Òun náà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ sílípáàsì, àti àtẹ́lẹ̀ bàtà eléré ìdárayá, àti ẹní aláwọ̀ mèremère tí ọmọ kékeré ń ṣeré lórí rẹ̀. Ó fúyẹ́. Omi kì í wọ inú rẹ̀. Ooru a máa mú un rọ̀, bó bá sì tutù, á dúró sí bí a ṣe tẹ̀ ẹ́.

Kí ni a ó máa pè é? A ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. A rí tìmùtìmù, ṣùgbọ́n ohun tí a ń jókòó lé ni tìmùtìmù, kò sí ẹni tí ń fi tìmùtìmù jagun. A rí kànìnkànìn, ṣùgbọ́n kànìnkànìn ń mu omi, èyí kì í mu ún. A jiyàn, a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, a lọ sí ọjà ní Kútọnu.

"Ẹ kú ọjà o, ìyá wa."

"Ẹ kú àbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé ẹní rọ́bà lẹ̀ ń wò? Ṣé eléyín lẹ fẹ́ ni, àbí èyí tí etí rẹ̀ tẹ́jú?"

Ó tán. Ẹní rọ́bà ni. Èyí tí etí rẹ̀ ní eyín, tí wọ́n ń kì bọ inú ara wọn, eléyín ni. Àwọn yòókù, olétí títẹ́. Ìyá náà kò jókòó ronú kí ó tó sọ ọ́. Ó ń tà á lójoojúmọ́, àwọn oníbàárà ń béèrè oríṣiríṣi lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ló bí ọ̀rọ̀ náà. A ra èyí tó nípọn tó mìlímítà 10 fún àyà àti ẹ̀yìn, mìlímítà 5 fún apá àti ẹsẹ̀, àti mìlímítà 2 fún ọ̀ṣọ́.

T àti S

Bí a ṣe ń rí àwòṣe rẹ̀ nìyí, fún ẹni tó bá fẹ́ dán an wò. Ẹni tí yóò wọ ìhámọ́ra á wọ ẹ̀wù àtijọ́ kan. Ẹ ó fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń bo oúnjẹ wé e láti ọrùn dé ìbàdí, ẹ ó sì fi téèpù lẹ gbogbo rẹ̀ yíká, kó má fún un jù, kó lè mí. Ẹ wá fa ìlà sí i: ìlà àárín àyà, ìlà abẹ́ apá, ìlà èjìká, ibi tí ègé kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ẹ fi àlùmọ́gàjí là á láti ẹ̀yìn, ẹ bọ́ ọ kúrò lára rẹ̀, ẹ gé e tẹ̀lé ìlà, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Níbi tí kò bá ti fẹ́ tẹ́ nítorí pé ara yọ síta níbẹ̀, ẹ là á díẹ̀, á tẹ́. Àwọn télọ̀ wa ń pe ibi líla bẹ́ẹ̀ ní pẹ́ǹsì, láti inú pince Faransé. Nígbà tí ẹ bá gé rọ́bà bí àwòṣe yìí tí ẹ sì pa etí pẹ́ǹsì náà pọ̀, ibẹ̀ á tún yọ síta bí ara ṣe yọ.

Gbogbo ègé gbọ́dọ̀ ní orúkọ lẹ́yìn rẹ̀, torí wọ́n lé ní ọgbọ̀n. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ti bẹ̀rẹ̀. Inú Bíbélì ni ará Kétu ti kọ́ kíkà Yorùbá, nítorí náà ẹ àti ọ tirẹ̀ ní àmì lábẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kọ́ àwọn àgbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni ará Sábẹ̀ẹ́ ti kọ́ tirẹ̀, pẹ̀lú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀: ɛ àti ɔ ló ń kọ. Bó ṣe di pé ègé kan ń jẹ́ ẹ̀yìn, tí èkejì rẹ̀ ń jẹ́ ɛ̀yìn nìyẹn. A kò jà. A lẹ ẹ̀yìn mọ́ ɛ̀yìn, wọ́n sì bá ara wọn mu.

Ìkékúrú ni ó ṣòro. Lédè Faransé, D ni ọ̀tún, G ni òsì, kò sí wàhálà. Ní Yorùbá, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀tún ni Ọ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ òsì ni O. Àmì kékeré kan ló yà wọ́n, bí eruku rọ́bà bá sì bò ó, ọ̀tún ti di òsì. A wo àwọn yòókù: àyà, apá, èjìká, ẹ̀yìn, ẹsẹ̀, orúnkún. Fáwẹ̀lì ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀! A ti gbọ́ ọ ní kíláàsì pé fáwẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá fi ń bẹ̀rẹ̀, a sì ti kọ ọ́ sínú ìdánwò. Ọjọ́ yẹn ni a fi ọwọ́ kàn án. Nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kọ́ńsónáǹtì ni ẹ fi ń yára dá a mọ̀. Nítorí náà T di ọ̀tún, S di òsì, P di apá, JK di èjìká, RK di orúnkún. Ẹni tó bá mú JK-T lọ́wọ́ ti mọ̀ pé èjìká ọ̀tún ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe ìkékúrú fún Yorùbá lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, kó rántí rọ́bà wa.

Bò, bọ̀, gbà

Ó ku orúkọ àwọn ègé náà nígbà tí wọ́n bá ti di ìhámọ́ra. Díẹ̀ wà nílẹ̀. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí Samuel Àjàyí Crowther jẹ́ àgbà láàárín wọn, ní láti fi Yorùbá pe ohun ogun tí Pọ́ọ̀lù ka sílẹ̀ fún àwọn ará Éfésù. Ọ̀dọ̀ wọn ni a ti bá ìhámọ́ra, ìgbàyà àti àṣíborí.

Ẹ wo inú wọn. Nínú ìhámọ́ra, há àti mọ́ àti ara wà: ohun tó há mọ́ ara. Nínú ìgbàyà, gbà àti àyà wà. Gbà yìí ni ti gbàjá àti ìgbànú, pé kí a fi nǹkan yí ara ká kí a sì dì í. Nínú àṣíborí, bò àti orí wà, bíi ti ìborí, ìbojú àti ìbora. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní ọdún 2020, tí gbogbo ayé ní láti fi aṣọ pa imú mọ́, ọ̀nà yìí náà ni ìbomú gbà jáde. Ẹ̀kẹta wà tí a ń lò lójoojúmọ́: ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀, láti inú bọ̀, kí a ki nǹkan bọ inú nǹkan.

Ọ̀nà mẹ́ta tí nǹkan ń gbà dé ara nìyẹn. Ohun tí a bò wà lórí ara. Ohun tí a bọ̀, ara ló wọ inú rẹ̀. Ohun tí a gbà, a yí i ká ara, a sì so ó. Àmọ́ o, a kò jókòó ṣe tábìlì yìí kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ ni a rí i, nígbà tí a wo àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹnu wa ti sọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀kan ni ará Àjàṣẹ́. Ó ń fa okùn ègé èjìká gba abẹ́ apá, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì há, ó sì ké sí wa láìgbójú sókè: "Ẹ bá mi di ìgbàjìká yìí mú!" Àwa méjì wo ara wa. Òun náà gbójú sókè, ó rò pé a fẹ́ fi òun ṣẹ̀fẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà, torí kò sí ẹni tó ní i. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti ń ṣe ní kíláàsì. Ó mú gbà, kò mú bò, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá wo ègé náà láti òkèèrè yóò rò pé ó bo èjìká ni. Ṣùgbọ́n okùn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, dídì ló ń dì í. Ó pa è èjìká jẹ bó ti yẹ. Ó fi àfòmọ́ ì síwájú. Gbogbo òfin ló pé. Ẹni tó ní òun kò lè sọ Yorùbá ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ Yorùbá, kò sì mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan.

Láti ìgbà náà, àwọn yòókù ń tẹ̀lé e. Èyí tó dé orí orúnkún bí ọmọrí ìkòkò di ìborúnkún. Ti ojúgun di ìgbàjúgun. Ti apá ló ní ìtàn. Ará Sábẹ̀ẹ́ kọ́kọ́ pè é ní ìbọ̀pá, torí pé a yà á bí ìbọ̀wọ́ gígùn tó yíká láìlà, tí èèyàn yóò ki ọwọ́ bọ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ fẹ̀ ju ọrùn ọwọ́ lọ. Bí ègé náà bá bá ọrùn ọwọ́ mu, ọwọ́ kò ní wọ̀ ọ́, bí ti àgbàlagbà kò ṣe wọ akèrègbè. Bí ọwọ́ bá sì wọ̀ ọ́, á máa yí lára. Nítorí náà, àwòṣe tí a gé ní ẹnu líla ní abẹ́, pẹ̀lú okùn velcro méjì. Lọ́jọ́ tí a so okùn náà, kò sẹ́ni tó pè é ní ìbọ̀pá mọ́. Ìgbàpá ni gbogbo wa ń pè é, a kò ṣèpàdé lé e lórí. Bí iṣẹ́ náà ṣe yí padà ni orúkọ náà yí padà.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Igun ìhámọ́ra gbọ́dọ̀ mú, kó dà bí irin. Ẹ kò lè rí i tí ẹ bá gé etí rọ́bà méjì ní tààrà tí ẹ sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ ní láti dẹ abẹ sí ẹ̀gbẹ́, ìdajì igun fún ègé kọ̀ọ̀kan: 45 níhìn-ín, 45 lọ́hùn-ún, ó di igun 90. Bí a ti ń ṣe èyí lọ́wọ́ lábẹ́ igi máńgòrò, ìyá onílé wa jáde síta.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, eégún wo lẹ fẹ́ gbé jáde?"

"Ìyá, kì í ṣe eégún o. Eré ni."

"Ó dáa. Ṣé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ̀ ń gé e nì? Bí wọ́n ti ń gé igi òrùlé nìyẹn."

A ti ń pe é ní "gé-kó-dẹ̀gbẹ́" fún ọjọ́ méjì. Láti ìṣẹ́jú yẹn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni.

Ooru ló kàn. Ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun kò gbóná tó fún èyí tó nípọn. Ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná ni a yá, lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan tó ń lẹ bébà aláwọ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Bí afẹ́fẹ́ náà bá kan rọ́bà, àwọn ihò wẹ́wẹ́ ojú rẹ̀ á pa dé, ojú rẹ̀ á sì máa dán díẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ itan tàbí mọ́ ìkòkò, kí ẹ dì í mú títí yóò fi tutù. Gọ́ọ̀mù àwọn tó ń tún bàtà ṣe ni a fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ ó fi pa etí méjèèjì, ẹ ó dúró kí ó gbẹ díẹ̀, ẹ ó sì tẹ̀ wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí bí wọ́n bá ti pàdé, wọn kì í fẹ́ já mọ́. Èéfín rọ́bà tí ooru mú àti òórùn gọ́ọ̀mù kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú ìbomú tó bá irú iṣẹ́ náà mu.

Ìgbà wo ni gọ́ọ̀mù gbẹ tó? Ara agolo rẹ̀ ka ìṣẹ́jú fún wa ní Faransé. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú inú ọyẹ́ yàtọ̀ sí ìṣẹ́jú inú òjò. Ohun tí àwa ń sọ fún ara wa ni pé bó bá ṣì mọ́ ìka pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, kò tíì yá. Bó bá gbẹ táútáú, ó ti kọjá. Bí ẹ̀yìn ìka bá kàn án tí kò rẹ ìka, ṣùgbọ́n tó fẹ́ di ìka mú, ẹ tẹ̀ ẹ́, á lẹ̀ típẹ́típẹ́. Nínú ìwé, wọ́n máa ń ka irú ọ̀rọ̀ bíi pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ àti típẹ́típẹ́ sí ọ̀ṣọ́ èdè, ohun tí akéwì fi ń dá wa lára yá. Lẹ́nu iṣẹ́, ìwọ̀n ni wọ́n. Ẹni tó bá sọ táútáú fún wa ti sọ bí gọ́ọ̀mù ṣe rí, agolo kò sì lè sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, a po gọ́ọ̀mù funfun àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà mọ́ omi, a fi kun gbogbo ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ọ̀dà má baà wọ inú rẹ̀. Ọ̀dà dúdú ló tẹ̀ lé e, àwọ̀ idẹ lórí rẹ̀. A fi dúdú sílẹ̀ nínú àwọn kọ̀rọ̀, kó dà bí idẹ tó ti pẹ́.

Lọ́jọ́ àpéjọ

Ará Àjàṣẹ́ ló wọ̀ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mú máíkì lọ́wọ́ bi í lédè Faransé bí a ṣe ṣe igun ìgbàjìká tó fi mú tó bẹ́ẹ̀. Ará Àjàṣẹ́ la ẹnu, ó dúró, ó yíjú sí wa: "Kí ni wọ́n ń pe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní Faransé?" Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú sẹ́rìn-ín, òun gan-an ni ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ jù. Biseau ni ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Yorùbá ni ọwọ́ rẹ̀ fi kọ́ iṣẹ́ náà, Yorùbá ló sì kọ́kọ́ dé ẹnu.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé ìgbàjìká kan lọ sí Àjàṣẹ́ láti fi han ìyá-ìyá rẹ̀. Ó sọ fún wa pé Yorùbá ni òun fi ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí màmá sọ lẹ́yìn rẹ̀, kò sọ fún wa, a kò sì béèrè.

Ohun tí a rí kọ́

Àwọn kan yóò ní, ọ̀rọ̀ mẹ́rin márùn-ún tí èèyàn mẹ́ta ń lò lábẹ́ igi máńgòrò, kí ni ìyẹn jẹ́ lára èdè? Àwọn mìíràn yóò ní, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Kétu wà ńlẹ̀, tí UNESCO ti kéde ní ọdún 2001 pé ogún ìní aráyé ni, kí ló dé tí a ń fi rọ́bà ṣe ìhámọ́ra Japan? A kò fi eré wa wé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, nítorí ìyẹn ní àwọn tó ni ín àti ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bóyá ó ti dúró de ìgbìmọ̀ kan kó tó mọ orúkọ irinṣẹ́ rẹ̀.

A kò kẹ́gàn ìgbìmọ̀. Èdè-ìperí tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà ṣe fún ẹ̀kọ́ Yorùbá wà lẹ́nu wa lónìí: fáwẹ̀lì, àfòmọ́, ọ̀rọ̀-orúkọ. A lò wọ́n nínú àròkọ yìí gan-an. Ṣùgbọ́n kí ló mú wọn yè? Kíláàsì ni ibi iṣẹ́ wọn, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ tí kò ní ibi iṣẹ́, inú dúrọ́ọ̀ ni yóò sùn sí.

Èyí tó ká wa lára jù ni ti àwọn tó ń gbọ́ tí wọn kì í sọ. Nígbà tí a bá gbé ìbéèrè lọ bá wọn, pé báwo lẹ ṣe ń pe èyí, báwo lẹ ṣe ń pe tọ̀hún, ẹnu wọn ni a ń wò, ojú sì ń tì wọ́n. Lẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ ni gbogbo wa ń wò. Ẹnu a wá rí àyè sọ ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí a bá kọ sínú ìwé wa pé ẹni báyìí kò lè sọ Yorùbá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìbéèrè wa ni kò jẹ́ kó sọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin tí ẹ ń wá àkọlé fún ìwé àṣekágbá yín, ohun mẹ́ta la fẹ́ bẹ̀ yín. Èkíní, ẹ lọ síbi tí iṣẹ́ tuntun wà: ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe, àwọn télọ̀, àwọn mẹkáníìkì, àwọn onídìrí. Èkejì, ẹ bá wọn ṣe nínú iṣẹ́ náà kí ẹ tó béèrè ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ̀kẹta, ẹ mú ẹnì kan dání tó ní òun kò lè sọ Yorùbá, ẹ gbé nǹkan lé e lọ́wọ́.

Ìhámọ́ra wa wà lórí ìṣó nínú yàrá, ìgbàyà rẹ̀ àti ìgbàjìká méjèèjì kò ní àbùkù. Ẹni tó bá fẹ́ yá a, kó wá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń dì í, torí okùn ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣeé dá dì, Yorùbá sì ni a ó fi bá a dì í.